Monadnock: ilé ọ́fíìsì tí bíríkì gbé dé àjà 16

Iná ńlá ọdún 1871 jó àárín gbùngbùn Chicago, ní Amẹ́ríkà, kanlẹ̀. Bí wọ́n ti ń tún un kọ́, ilẹ̀ gbówó lórí, ẹ̀rọ tí ń gbéni ròkè sì ti wà, ni kálukú bá ń kọ́lé sókè. Lára àwọn tó kówó lé e ni Peter àti Shepherd Brooks, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọlọ́rọ̀ láti Boston, àwọn ló ni kí wọ́n kọ́ Monadnock. Owen Aldis ló ń bá wọn bójú tó dúkìá wọn ní Chicago.

Peter Brooks kì í náwó ní ìnákúnàá. Ó kọ̀wé pé òun kò fẹ́ kí ohunkóhun yọ síta lára ògiri: ìdọ̀tí ni yóò máa gbà, ẹyẹlé àti ológoṣẹ́ yóò sì máa bà lé e. John Root, ayàwòrán ilé náà, fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀. Wọ́n ní ìgbà tó lọ sinmi ni Daniel Burnham, alájọṣe rẹ̀, ní kí ọmọ iṣẹ́ kan ya ògiri tó lọ gbọnrangandan. Nígbà tó dé, inú bí i. Àmọ́ nígbà tó gbà tán, ó dárà sí i. Ó fa ìsàlẹ̀ ògiri wọlé díẹ̀ bó ti ń gòkè, ó tún tẹ orí rẹ̀ síta. Kí igun ilé lè rọra yí láìmú, bíríkì ọ̀tọ̀ ni wọ́n mọ fún un. (Ahun tó ní òun kò ra ọ̀ṣọ́ ṣáà sanwó bíríkì!)

Irin wà nínú ilé náà, ṣùgbọ́n ògiri ìta ló ń gbé ara rẹ̀ ró, ìdí nìyẹn tó fi nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 nísàlẹ̀. Amọ̀ rírọ̀ ni ilẹ̀ Chicago. Wọ́n ti ṣírò pé yóò rì ní íǹṣì 8; ó rì kọjá bẹ́ẹ̀. Root kò rí òpin iṣẹ́ náà, ó kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1891.

Ìdajì ti àríwá nìyẹn. Ọdún 1893 ni ìdajì kejì tí wọ́n fi kún un ní gúúsù parí, lọ́wọ́ Holabird àti Roche, àwọn ayàwòrán ilé mìíràn. Irin ló gbé ìyẹn ní tirẹ̀, nítorí náà ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, owó tó gbà kò tó ti àkọ́kọ́, àyè tí wọ́n lè gba owó ilé lé lórí sì pọ̀ jù ú lọ. Ta ni yóò tún máa to bíríkì ẹsẹ̀ bàtà 6? Ìdajì méjèèjì ṣì wà níbi tí òpópónà Jackson àti Dearborn ti pàdé, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ọ́fíìsì lókè.