Kí ni dókítà ń wá nínú "Ọjọ́ wo la wà lónìí"?

Ọ̀pọ̀ ẹbí tó bá gbé àgbàlagbà wá sílé ìwòsàn ni ìbéèrè yìí máa ń bí nínú. Ara Mama ń gbóná, kò jẹun láti ìjẹta, dókítà wá fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Mama, kí lorúkọ yín? Ọjọ́ wo la wà lónìí? Ibo la wà yìí?" Àwọn ọmọ á wo ara wọn lójú. Ọ̀kan á ní, "Dókítà, ibà ló ń ṣe Mama wa o, kì í ṣe wèrè." Lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe níhìn-ín ní mainland, gbólóhùn yẹn ò ṣàjèjì sí mi rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń bèèrè fún.

Àyẹ̀wò ni. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní mental status examination, ìyẹn àyẹ̀wò ipò ọpọlọ àti ọkàn. Bí a ṣe ń wọn ìfúnpá, tí a ń wo bí ara ṣe gbóná tó, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ ká mọ bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn gan-an. Ẹ̀rọ CT scan lè fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú ọpọlọ, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ fún wa pé ẹni yìí ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tàbí pé ayé ti sú u. Ojú, etí àti ọ̀rọ̀ ẹnu la fi ń mọ ìyẹn. Kì í sì í ṣe ẹni tí orí ń yọ lẹ́nu nìkan là ń ṣe é fún. Ẹni tí ibà ń ṣe, ẹni tí mọ́tò gbá ní Ojúẹlẹ́gba, ẹni tí ṣúgà ara rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, gbogbo wọn ló kàn.

Kí dókítà tó la ẹnu ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń wo bí aláìsàn ṣe rìn wọlé, bó ṣe múra, bóyá ó de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bàbá kan lè jókòó síwájú yín, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kó jẹ́ pé irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló fá, tòsì ṣì wà níbẹ̀. Ilé á rò pé àgbà ló dé. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, apá ọ̀tún abọ́ nìkan ló máa jẹ, á ní òun ti jẹ ẹ́ tán. Rọpárọsẹ̀ tó bá kọlu apá ọ̀tún ọpọlọ ló máa ń fa irú èyí: ojú Bàbá ń ríran, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ò ka ohun tó wà lápá òsì sí mọ́. Ẹni tó bá ṣàkíyèsí irùngbọ̀n yẹn ti rí nǹkan ńlá láìtíì fọwọ́ kan aláìsàn.

Ibi wíwò yìí náà la ti lè ṣìnà o. Ìwé tí wọ́n kọ lókè òkun lè sọ pé ẹni tí kì í wo dókítà lójú, bóyá ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, bóyá ó ń fura. Níbí, ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ kí dókítà àgbà, tó sì tẹ orí ba, ẹ̀kọ́ ilé ló ń lò.

Ọ̀rọ̀ sísọ ló tẹ̀ lé e: ṣé ó yára jù, ṣé ó falẹ̀ jù, ṣé ó bára mu? Mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ ohun kan níbí. Ẹnì kan lè fẹ́ bèèrè omi, kó wá ní "ẹ fún mi ní bàtà", kó sì máa bínú pé wọn ò dá òun lóhùn. Ilé á ní ó ti ń ṣarán, tàbí pé àwọn ayé ti da orí rẹ̀ rú. Tó bá ṣẹlẹ̀ lójijì, pàápàá tí ẹnu bá wọ́ tàbí tí ọwọ́ kan bá rọ, rọpárọsẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ lè wà digbí. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde ló bàjẹ́.

Ẹni tí kò lajú dáadáa ò ṣeé bi ní ìbéèrè gígùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, máàkì la máa ń fún un, lórí ìwọ̀n tí wọ́n gbé jáde ní ìlú Glasgow lọ́dún 1974. Ojú lílà ní máàkì 4, ọ̀rọ̀ sísọ ní 5, mímira ní 6, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15. Ẹni tó gba iye tó kéré jù lọ gba 3. Tí máàkì bá ti wálẹ̀ dé 8, ẹ̀mí wà nínú ewu, torí aláìsàn lè máà lè dáàbò bo ọ̀nà tí èémí ń gbà mọ́. Ẹ má bínú tí nọ́ọ̀sì bá ń wá jí èèyàn yín ní gbogbo wákàtí lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀. Ó ń wò ó bóyá 15 àárọ̀ ti di 13.

Ká wá padà sórí ọjọ́ àti ibi. Nígbà tí ọpọlọ bá ń dàrú, àsìkò ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ èèyàn, ibi tó wà á tẹ̀ lé e, orúkọ ara ẹni ló máa ń kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bèèrè lẹ́sẹẹsẹ. Àmọ́ dókítà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń bi. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tí kò ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí, kí ló fẹ́ fi déètì ṣe? Ẹ bi í bóyá Jímọ́ọ̀ ti kọjá lọ́sẹ̀ yìí, tàbí pé ọjọ́ mélòó ló kù kí wọ́n lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin náà á rí bí orí ṣe pé. Ẹ gbọ́ èyí náà: dókítà tó tìlú mìíràn wá ń bi Mama ní Yábàá, "Ṣé Èkó la wà yìí?" Mama ní rárá, àwọn ò tíì lọ sí Èkó láti ìgbà tí ara wọn ò ti yá. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé Mama ò mọ ibi tó wà. Ẹ̀yin ará mainland mọ̀ pé Mama ló gbà á. Èkó tí àgbà Ẹbúté-Mẹ́ta ń wí, òdìkejì afárá ni: Ìdúmọ̀tà, Balógun, Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ìbéèrè tún wà tí àgbà lè máà dáhùn, tí kì í ṣe pé ó gbàgbé. "Ọmọ mélòó lẹ bí, Mama?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní wọ́n pọ̀ ní agbára Ọlọ́run. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ; ìyẹn nìkan ni. "Kí lorúkọ ọkọ yín?" Ó ní Bàbá Sikiru. Ìyàwó tó wọlé ọkọ láyé ìgbà yẹn kì í pe ọkọ lórúkọ. Ẹ bi í ní orúkọ àdúgbò tí wọ́n gbé lọ́mọdé, ẹ bi í ní ohun tó ń tà ní Tejúoṣó.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn ọmọ. Tí dókítà bá ń bi Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Mama dáhùn. Ìfẹ́ ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, mo mọ̀, kójú má baà tì í. Àmọ́ ìdáhùn tí kò tọ̀nà gan-an ni dókítà ń wá. Tí ẹ bá ti yọ́ sọ fún un pé "Tọ́sìdè ni, Mama", àyẹ̀wò yẹn ti bàjẹ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ sọ fún dókítà tí Mama kì í bá gbọ́rọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì mú awò ojú rẹ̀ dání. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ní iyè rẹ̀ ti ra, etí rẹ̀ ló di.

Fún ìfọkànsí, dókítà lè ní kó ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láti ẹ̀yìn wá: Sátidé, Fúráìdè, Tọ́sìdè. Fún ìrántí, ó lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, bíi kọ́kọ́rọ́, àgbò, ata, kó ní kó tún wọn sọ, kó wá bèèrè wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdánwò kan wà tí ayé ń lò láti ọdún 1975, tó ní máàkì 30, níbi tí wọ́n ti ń ní kéèyàn máa yọ 7 kúrò nínú 100 léraléra, kó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, kó sì ya àwòrán. Ẹni tí kò lọ sílé ìwé rí á fìdí rẹmi níbẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ì báà jí pépé. Nígbà tí àwọn oníṣègùn Ìbàdàn, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis jọ ń ṣèwádìí àrùn ìgbàgbé lọ́wọ́ àwọn àgbà Yorùbá àti àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, irinṣẹ́ mìíràn ni wọ́n lò, èyí tí kò gbára lé ìwé kíkà, tó sì ń bi ará ilé bí ẹni náà ṣe ń ṣe nílé. Tèmi ni pé tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá ọlọ́jà ṣì lè ṣírò, màá ní: "Mo ra ọṣẹ 350 náírà, mo fún yín ní 1,000, ṣéńjì mi dà?" Tó bá dáhùn 650 kí n tó pa ẹnu dé, kí ni mo tún ń wá?

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú àyẹ̀wò yìí ni òwe. A ń fi òwe mọ̀ bóyá èèyàn ṣì lè rí ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Dókítà á ní, "Kí ni ìtumọ̀ bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ?" Ẹnì kan á sọ pé ẹni téèyàn bá ń bá rìn, ìwà rẹ̀ á ranni. Ẹlòmíràn á sọ pé omi ló mú kí ewé náà rọ̀, tó fi lẹ̀ mọ́ ọṣẹ. Ìdáhùn kejì yìí kì í ṣe irọ́, àmọ́ ojú ọ̀rọ̀ ló dúró sí, kò wọ inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tó ti ń fi òwe sọ̀rọ̀ látẹ̀yìnwá ló ń dáhùn báyìí, ó yẹ ká wò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ ní Lekki, tí kò gbọ́ òwe náà rí, kò sọ nǹkan kan fún wa.

Bí ọkàn ṣe wà náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn wa kì í wí pé inú àwọn bà jẹ́. Wọ́n á ní orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú orí, àyà ń já. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò títí, wọn ò ní rí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n bá bèèrè oorun, oúnjẹ, àti ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn nínú tẹ́lẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn á tó jáde síta. Dókítà á sì bèèrè bóyá ó ti ń ṣe é bíi kó má jí mọ́, bóyá ó ti ro ọ̀nà tó máa gbà pa ara rẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba ẹbí pé ìbéèrè yẹn ló máa fi í sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé bíbéèrè kì í dá èrò náà sílẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó ti ń dá a rò rí ẹni bá sọ ọ́. Nítorí náà, tí Bàbá bá ní "ayé ti sú mi", ẹ má fi "Ọlọ́run ò ní jẹ́" pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá dókítà lọ.

Ní ti ohùn àti ìran, ìlú yìí kún fún àdúrà, dókítà tó bá ń pe gbogbo ẹni tí Ẹ̀mí bá sọ̀rọ̀ ní aláìsàn ò ní mọ ẹni tó ṣàìsàn lóòótọ́. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó bi àwọn tí wọ́n jọ ń sin. Tí àwọn ará ìjọ fúnra wọn bá ní "èyí tó ń sọ báyìí ò yé wa mọ́", tí kò sùn, tí kò jẹun, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbi ìgbàgbọ́. Ẹni tó bá ní ayé ló ń ṣe òun, tó sì gbà láti lo oògùn, ó ṣì mọ̀ pé ara òun ò yá.

Ó wá ku èyí tó ń pa àgbà lára jù. Mama tó ń ta ọjà lánàá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìrànrán lónìí, tó ń rí ọmọdé lórí àjà, tó ń sùn lọ́sàn-án, tó ń pariwo lóru: àìsàn ara ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ àkóràn nínú ìtọ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè jẹ́ ṣúgà tó wálẹ̀, ó lè jẹ́ oògùn tuntun tàbí àgbo. Àrùn ìgbàgbé kì í dé lóru ọjọ́ kan. Oṣù àti ọdún ló fi ń rìn. Èyí tó dé láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, ilé ìwòsàn gbogbogbò tó bá sún mọ́ yín ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ìbẹ̀rù ilé ìwòsàn Yábàá, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1907 tí wọ́n sì pè ní asylum, ìyẹn ilé àwọn wèrè, nígbà yẹn, ló ń mú ọ̀pọ̀ ẹbí fi irú aláìsàn yìí pa mọ́ sílé, nígbà tó jẹ́ pé oògùn ibà tàbí omi ṣúgà lójú iṣan lè jẹ́ gbogbo ohun tó nílò.

Ìrànrán yìí ń lọ, ó ń bọ̀. Mama lè dáhùn gbogbo ìbéèrè dókítà láago mẹ́wàá àárọ̀, kó máa fa omi tí wọ́n fi sí i lójú iṣan yọ lọ́wọ́ láago méjì òru. Ìdí tí wọ́n fi ń tún àyẹ̀wò náà ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Tí dókítà bá sì ń yípo wọ́ọ̀dù láàárọ̀, ẹni tó sùn ti Mama mọ́jú ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò láti Island.