Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná, òòfà àti fífì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Èkìtì

Iná mànàmáná, òòfà àti fífì jẹ́ orí ẹ̀kọ́ mẹ́ta nínú físíìsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà ń kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì láti SS1 títí dé SS3. Ètò-ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo Nàìjíríà ń lò, nítorí náà ohun tí ọmọ Adó-Èkìtì ń kọ́ kò yàtọ̀ sí ti ọmọ Kánò tàbí Ẹnúgù. Ohun tó yàtọ̀ ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, bí iná ṣe ń wọlé sí kíláàsì, àti èdè tí olùkọ́ fi ń là á yé wọn nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá kọ̀ tí kò wọlé. Nínú ìwé, orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jìnnà síra wọn. Nínú ayé, ọ̀kan ni wọ́n: iná tó ń wọ ilé gan-an ń fì, òòfà ló sì ń mú un fì.

Ipò rẹ̀ nínú ètò-ẹ̀kọ́

Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò 6-3-3-4 ní 1982, ọdún mẹ́ta ni ọmọ ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà, ibẹ̀ sì ni físíìsì ti dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Ní JSS, inú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì gbogbogbòò ló wà. Fífì sábà máa ń ṣáájú, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ nípa ìrìn àti agbára. Iná àti òòfà ń wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń di ńlá ní SS3, nígbà tí ìdánwò àṣejáde ti kanlẹ̀kùn. Èyí kò ṣe wọ́n lóore, torí apá tó le jù ni a ń fi ìkánjú kọ́.

Ìdánwò físíìsì WAEC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ní apá mẹ́ta: ìbéèrè 50 tí a ń yan ìdáhùn sí, ìbéèrè tí a ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, àti ìdánwò àfọwọ́ṣe. Nínú ti àfọwọ́ṣe, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ yan méjì. Ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ ti ìrìn àti agbára, níbi tí okùn tó ń fì tàbí sípíríǹgì ti wọ́pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ tàbí ooru. Ọ̀kan jẹ́ ti iná. Ẹni tí fífì àti iná bá ti mọ́ lára, ó ti mọ ohun tí yóò yàn kó tó jókòó. Ìdánwò NECO, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, kò jìnnà sí ọ̀nà yìí. Ti JAMB kò ní àfọwọ́ṣe rárá.

Fífì

Fífì ni kí nǹkan máa lọ kó máa bọ̀ kọjá ojú ibi tí ì bá dúró sí bí ohunkóhun kò bá tì í. Ọmọ tó wà lórí jangirọ́fà ń fì. Awọ gángan náà ń fì nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá bà á. Bí onílù bá fún ọṣán mọ́ra, fífì awọ á yára sí i, ohùn ìlù á sì lọ sókè. Ohun mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dì mú: bí nǹkan náà ṣe ń jìnnà tó sí ojú ìdúró rẹ̀, àkókò tí ìlọ-bọ̀ kan ń gbà, tí a ń pè ní T, àti iye ìlọ-bọ̀ tó wáyé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a ń pè ní f tí a sì ń fi hertz wọ̀n. Bí T bá gùn sí i, f á dín kù, torí f = 1/T.

Irú fífì tí ìwé SS ń dúró lé jù ni èyí tí agbára tó ń dá nǹkan padà ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n bí nǹkan náà ṣe ń jìnnà sí ojú ìdúró rẹ̀. Robert Hooke tẹ òfin yìí jáde fún sípíríǹgì ní 1678. Ṣáájú rẹ̀, ní 1656, Christiaan Huygens ti fi okùn tó ń fì ṣe aago.

Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe tó gbajúmọ̀ jù lórí fífì kò ná ilé-ẹ̀kọ́ ní ohun ńlá kan: okùn, irin róbótó tàbí òkúta, rúlà gígùn àti aago. A so irin mọ́ okùn, a sì wọn gígùn láti ibi tí a so okùn kọ́ títí dé àárín irin náà, kì í ṣe dé orí rẹ̀. A fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí igun rẹ̀ má ju nǹkan bí 10° lọ, a sì jọ̀wọ́ rẹ̀ láìtì í. Nígbà tí irin bá kọjá láàárín, akẹ́kọ̀ọ́ tẹ aago, ó sì pe “òdo”. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á pe “ení” lójú ẹsẹ̀, ìlọ-bọ̀ 19 ni wọ́n á sì kà tí wọ́n á pè ní 20. Bí okùn bá jẹ́ 50 cm, ìlọ-bọ̀ 20 á gbà tó 28.4 s, bó bá jẹ́ 90 cm, á lé díẹ̀ ní 38 s. Ìdí tí a fi ń ka 20 ni pé ọwọ́ èèyàn máa ń pẹ́ kó tó tẹ aago. Bó bá fi 0.2 s pẹ́, tí a bá pín àṣìṣe yẹn sí 20, 0.01 s péré ló kàn ìlọ-bọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni a ó ya gíráàfù T² sí gígùn okùn. Nítorí pé T = 2π√(l/g), níbi tí l ti jẹ́ gígùn okùn, tí g sì jẹ́ bí nǹkan tó ń já bọ́ ṣe ń yára sí i tó, ìlà tó tọ́ ni yóò jáde, gígùnkè ìlà náà á sì jẹ́ nǹkan bí 4 s² fún mítà kan. Láti inú rẹ̀ ni a ti ń rí g. Èkìtì kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà g níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 9.78 m/s², nígbà tí ti London jẹ́ nǹkan bí 9.81. Ìyàtọ̀ náà kéré ju ohun tí okùn àti aago ilé-ẹ̀kọ́ lè fi hàn lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ mọ̀ pé 10 tí wọ́n ń ní kó lò nínú ìdánwò jẹ́ ìrọ̀rùn ìṣirò. Bí a bá fi irin tó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ rọ́pò rẹ̀, tí gígùn kò yí padà, T kò ní yí padà. Ó dára kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dán an wò, nítorí ọ̀pọ̀ ló máa ń ní èyí tó wúwo ni yóò yára.

Iná

Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù láti kọ́ nípa iná tó dúró lójú kan. Afẹ́fẹ́ gbẹ nígbà náà, ṣáàjì, ìyẹn iná tó wà lára nǹkan, kì í sì í tètè sá lọ. Bírò oníke tí a fi ra irun gbígbẹ á gbé ègé bébà. Ní àárín òjò, iṣẹ́ kan náà lè kọ̀ jálẹ̀, kì í sì í ṣe pé olùkọ́ ṣe é tì. Òfin tó sọ bí ṣáàjì méjì ṣe ń fa ara wọn tàbí lé ara wọn ni Coulomb gbé jáde ní 1785.

Bí ṣáàjì bá ń rìn nínú wáyà, kọ́rẹ́ńtì ni. Alessandro Volta kéde bátìrì àkọ́kọ́ ní 1800, Georg Ohm sì tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1827: V = IR. V ni fóltéèjì, I ni kọ́rẹ́ńtì, R ni ìdènà tó ń dín kọ́rẹ́ńtì kù. Òfin yìí rọrùn láti há sórí, ó sì rọrùn láti lò ní àlòṣì. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 V kì í fi gbogbo 1.5 V náà sílẹ̀ fún iṣẹ́, torí òun fúnra rẹ̀ ní ìdènà nínú. Bí ìdènà inú rẹ̀ bá jẹ́ 0.5 Ω, tí a sì so ó mọ́ 2.5 Ω, kọ́rẹ́ńtì á jẹ́ 0.5 A, 1.25 V ni fóltímítà á sì kà. Ọmọ tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí fóltímítà kó lọ sílẹ̀ nígbà tí a bá tan swíìṣì, á máa rò pé ìṣirò náà jẹ́ àrékérekè olùbéèrè.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí Èkìtì fi ń kọ́ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́: iná tí kò kún, èyí tí àwọn aráàlú ń pè ní háfù kọ́rẹ́ńtì. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ 1,000 W sí lára fún 230 V ní ìdènà tó tó 53 Ω. Bí fóltéèjì bá wálẹ̀ sí 160 V, kọ́rẹ́ńtì á dín kù, agbára náà, P, á sì dín kù ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí P = V²/R. 484 W ló máa kù, kò tó ìdajì. Ìdí tí fóltéèjì fi ń wálẹ̀ ni pé wáyà tó gùn láti tíráńsífọ́mà dé ilé ní ìdènà tirẹ̀, ilé púpọ̀ sì ń fà á pọ̀. Ìdí nìyí tí ilé tó wà ní ìparí ìlà fi ń jìyà jù nírọ̀lẹ́. Ìbéèrè báyìí ń kọ́ni ju ogún ìbéèrè tó dá lórí ohun tí ọmọ kò rí rí lọ.

Òòfà

Òòfà ní orí méjì; orí tó jọra ń lé ara wọn, orí tó yàtọ̀ ń fa ara wọn. Láti rí sàkáání rẹ̀, ìyẹn ibi tí agbára rẹ̀ dé, a ń da èérún irin sórí bébà tí òòfà wà lábẹ́ rẹ̀, a sì ń fi ìka gbá bébà náà díẹ̀díẹ̀ títí ìlà yóò fi hàn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ohun èlò lè gba èérún irin lọ́wọ́ wẹ́dà, kó sì gba òòfà lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe.

Ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà, ìtàn Èkìtì nínú ọ̀rọ̀ yìí sì dùn. Ìwé tí wọ́n kọ ní ìlú òyìnbó máa ń ya abẹ́rẹ́ òòfà tó dorí kodò gan-an. Ní London, igun tó fi ń wo ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 66°. Ìlà tí abẹ́rẹ́ ti ń dúró gbọọrọ láìwo ilẹ̀ rárá gba apá àríwá Nàìjíríà kọjá. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ tí a fi okùn so kọ́ ní kíláàsì kan ní Ìkọ̀lé tàbí Ìjerò á fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbọọrọ, apá gúúsù rẹ̀ ló sì máa tẹ̀ díẹ̀. Àwòrán inú ìwé kò bá ojú ọmọ mu, ó sì yẹ kí olùkọ́ sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Títí di 1820, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ka òòfà sí, ọ̀tọ̀ ni iná. Ọdún náà ni Hans Christian Oersted ti Dẹ́ńmáàkì rí i pé wáyà tí kọ́rẹ́ńtì ń gbà kọjá ń yí abẹ́rẹ́ òòfà nípò.

Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé

Ní 1831, Michael Faraday fi hàn pé òòfà náà lè bí iná, bí ó bá ṣáà ti ń yí padà. Òòfà tó dúró sójú kan nínú kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a ká, kò mú nǹkan kan jáde. Tí a bá tì í wọlé tàbí fà á jáde ni abẹ́rẹ́ gálífánómítà, ohun tó ń fi kọ́rẹ́ńtì kékeré hàn, ń mira. Heinrich Lenz fi kún un ní 1834 pé kọ́rẹ́ńtì tí a bí náà ń tako ohun tó bí i.

Jẹnẹrétọ̀ kò ju èyí lọ: kọ́ìlì àti òòfà, tí ọ̀kan ń yí níwájú èkejì. Ohun tó ń jáde ń lọ ó sì ń bọ̀ bí okùn tó ń fì. Ní Nàìjíríà, 50 ìlọ-bọ̀ ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan, T jẹ́ 0.02 s, kọ́rẹ́ńtì sì ń kọjá òdo ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 230 V tí a ń pè é jẹ́ irú àròpín kan. Téńté rẹ̀ ń dé nǹkan bí 325 V. Jẹnẹrétọ̀ kékeré olórí òòfà méjì gbọ́dọ̀ yí 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan láti fún wa ní 50 Hz. Tíráńsífọ́mà inú àdúgbò, tó ń sọ 11,000 V di 415 V, kò lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú bátìrì, nítorí òòfà tí bátìrì ń mú wá kì í yí padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ fífì dáadáa ní SS2 ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Sípíríǹgì tí a so irin kọ́ ní T = 2π√(m/k), níbi tí m ti jẹ́ ìwọ̀n irin, tí k sì jẹ́ bí sípíríǹgì ṣe le tó; kọ́ìlì tí a so mọ́ kapásítọ̀, ohun tó ń tọ́jú ṣáàjì, ní T = 2π√(LC), níbi tí L ti jẹ́ ti kọ́ìlì, tí C sì jẹ́ ti kapásítọ̀. Nínú èkíní, agbára ń lọ láti inú sípíríǹgì sínú ìrìn irin, ó sì ń padà. Nínú èkejì, ó ń lọ láti inú kapásítọ̀ sínú òòfà kọ́ìlì, ó sì ń padà. Bí a bá yí bọ́tìnnì rédíò àtijọ́, C ni a ń yí, títí fífì inú rẹ̀ yóò fi bá ti ilé-iṣẹ́ rédíò mu, bí ẹni tó ń ti jangirọ́fà lásìkò tó yẹ. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ kíláàsì ń kọ́ ìkejì bí ẹni pé wọn kò rí àkọ́kọ́ rí.

Èdè àti ohun èlò

Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fi Yorùbá tàbí ẹ̀ka-èdè Èkìtì ṣàlàyé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Èyí kò burú. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ti fi hàn pé èdè abínibí lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ohun èlò ló ń dùn àwọn olùkọ́ jù. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́, bí Christ’s School ní Adó-Èkìtì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933, ti ní orúkọ tipẹ́ nínú sáyẹ́ǹsì. Níbi tí ámítà, ohun tí a fi ń wọn kọ́rẹ́ńtì, bá jẹ́ méjì péré fún gbogbo kíláàsì, ọmọ díẹ̀ ló ń fọwọ́ kan wáyà, àwọn yòókù ń wòran.

Níta kíláàsì

Àpáta líle ló wà lábẹ́ Èkìtì; òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ èyí tí gbogbo èèyàn ń rí. Omi kì í wà nínú àpáta tó dì, àfi níbi tó ti jẹrà tàbí tó ti sán. Láti mọ ibi tí wọ́n lè gbẹ́ bọọhóòlù sí, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń gún irin mẹ́rin mọ́lẹ̀: wọ́n ń rán kọ́rẹ́ńtì gba méjì tó wà níta, wọ́n sì ń wọn fóltéèjì láàárín méjì tó wà nínú. Òfin Ohm náà ni. Bí wọ́n bá ṣe ń fa irin tó wà níta jìnnà síra wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ ìròyìn ìsàlẹ̀ ilẹ̀ sí i. Àpáta tó dì ní ìdènà ńlá, èyí tó sán tí omi wà nínú rẹ̀ ní ìdènà tó kéré jù ú lọ. Amọ̀ náà ní ìdènà kékeré, ṣùgbọ́n kì í jọ̀wọ́ omi, nítorí náà ẹni tó ń ka gíráàfù náà gbọ́dọ̀ mọ irú ilẹ̀ tó dúró lé kó tó fi àmì síbi tí wọ́n á gbẹ́.