Bí a ṣe ń mọ ohun tó ń jẹ táyà tírélà ọkọ̀ ojú omi lápá kan

Tírélà tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn mọ́tò kì í rìn púpọ̀ lọ́dún, nítorí náà ọjọ́ orí ló sábà máa ń ba táyà rẹ̀ jẹ́ kí ilà orí rẹ̀ tó jẹ tán. Bí irú táyà bẹ́ẹ̀ bá wá ń jẹ níbì kan ju ibòmíràn lọ, nǹkan kan ló ń fà á, nǹkan ọ̀hún kì í sì í sábà wà lára táyà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ra táyà tuntun láìwá ìdí rẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ojú ibi tí táyà ti jẹ ni a kọ́kọ́ ń wò. Bí etí méjèèjì bá jẹ tí àárín sì ṣì ní ilà dáadáa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó, tàbí kí ẹrù pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ àárín nìkan ló jẹ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún ẹrù tó ń gbé. Ìgbà tí táyà bá tutù, kí tírélà tó gbéra, ni a máa ń fi géèjì wọ̀n ọ́n, nítorí pé géèjì yóò ka ju bó ṣe yẹ lọ bí táyà bá ti gbóná. Ẹ̀gbẹ́ táyà ni wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé sí, pẹ̀lú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kí ó tó lè gbé e. Ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún tírélà máa ń ní lẹ́tà ST lára nọ́ńbà rẹ̀. Ẹrù sì máa ń pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ: 200 lítà epo bẹntiróòlù nìkan wúwo tó nǹkan bí 150 kìlógíráàmù, gbogbo lítà omi tó bá sì há sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ń fi kìlógíráàmù kan kún un.

Táyà tó jẹ ní etí kan ṣoṣo ló gba sùúrù jù. Ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní axle, ni kí a fura sí. Ọ̀pọ̀ axle ni ilé iṣẹ́ máa ń tẹ̀ sókè díẹ̀ láàárín, kí ó lè tọ́ nígbà tí ẹrù bá gùn ún. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, tàbí bí tírélà bá já sí kòtò ńlá, àárín ọ̀pá náà lè wọlẹ̀, òkè táyà méjèèjì yóò fà sún mọ́ ara wọn, etí inú yóò sì máa jẹ. Pípààrọ̀ irú axle bẹ́ẹ̀ sàn ju kí a máa fi iná àti òòlù tọ́ ọ lọ.

Táyà tún lè dúró ṣánṣán kí ó má sì dojú kọ ọ̀nà gan-an. Bí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí irú táyà bẹ́ẹ̀ láti etí kan dé èkejì, yóò dán bí ọwọ́ bá ń lọ, yóò sì rí ṣákiṣàki bí ọwọ́ bá ń bọ̀. Láti mọ̀ dájú, a ó fi jáàkì gbé tírélà, a ó yí táyà kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà yí i ká, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó sì wọn àlàfo tó wà láàárín ilà méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, ní ìwọ̀n gíga kan náà sí ilẹ̀. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju nǹkan bí mìlímítà 3 lọ, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wọ̀n láti ibi tí tírélà ti ń so mọ́ mọ́tò dé orí axle lọ́tùn-ún àti lósì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, axle ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, ohun tó sì sábà máa ń fà á ni bóòtù tó ti tú.

Bí orí táyà bá jẹ ní kòtò kòtò, kí a wo bíárìn (àwọn irin kéékèèké tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí geere) àti bálàǹsì ẹsẹ̀ náà, ìyẹn bí ìwúwo rẹ̀ ṣe dọ́gba yíká. Omi iyọ̀, irú ti etíkun Florida, máa ń tètè ba bíárìn jẹ́. Họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ tí bíárìn wà nínú rẹ̀, tó ti gbóná lójú ọ̀nà ni wọ́n ń tì bọ omi tútù nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọkọ̀ sómi. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tó dí i wọlé, gíríìsì á bàjẹ́, irin á dípẹtà. Kí a gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí a di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí a mì í: bí ó bá ń mì jọ̀ngbọ̀jọ̀ngbọ̀, tàbí tó ń kùn nígbà tí a bá yí i, bíárìn rẹ̀ ni. Ojú kan ṣoṣo tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí táyà jẹ́ àmì pé bíréèkì ti há mọ́ ọn rí.

Tírélà tó ní axle méjì yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé táyà rẹ̀ máa ń fẹ̀gbẹ́ ha ilẹ̀ bí ó bá ń yí kọ́nà tóóró. Ṣùgbọ́n bí ti iwájú bá ń jẹ ju ti ẹ̀yìn lọ, kí a wò ó bóyá imú tírélà dorí kodò jù nígbà tí a bá so ó mọ́ mọ́tò. Bí ó bá sì jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún tàbí òsì ló ń jẹ, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ má jókòó sí àárín.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a wọn jíjìn ilà táyà ní etí inú, ní àárín àti ní etí òde, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí a sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ìrìn-àjò bíi mélòó kan. Bí ìyàtọ̀ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá pọ̀ sí i mọ́, ọwọ́ ti tẹ ohun tó ń jẹ táyà náà.