Láti asọ̀rọ̀mágbèsì dé WhatsApp: bí àjèjì ṣe ń bá wa wá ìyá tó sọnù l'Ékòó

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni màmá kan ládùúgbò wa ní Ṣómólú jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́, wọn ò mú fóònù, wọn ò mú owó, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá ti lé ní ọdún 80, ìgbàgbé ti ń bá wọn jà tipẹ́, gbogbo wa la mọ̀, tí wọ́n bá kí ẹ láàárọ̀ wọ́n tún lè kí ẹ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó di ọ̀sán bíi pé wọn ò tíì rí ẹ. Kó tó di aago mẹ́jọ, fọ́tò wọn ti wà lórí WhatsApp gbogbo wa. Kó tó di aago méjìlá, àwọn èèyàn tí ò mọ màmá rí láyé wọn, ẹni tó wà n'Íkòròdú, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ń bi wá ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi wá ní téṣàn: aṣọ wo ni wọ́n wọ̀, ṣé wọ́n wé gèlè, ọ̀nà mélòó ló já sí títì láti ilé yẹn, kí ló dé tí ọmọ wọn ní aago mẹ́fà àbọ̀ ni wọ́n jáde tí aládùúgbò sì ní òun rí wọn nígbà tí wọ́n ń pe ìrun àsùbáà lọ́wọ́. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ parí ni mo wá jókòó, mo bi ara mi pé ibo gan-an ni irú nǹkan báyìí ti ṣẹ̀, kí ẹni tí kì í ṣe ẹbí, tí kì í sì í ṣe ọlọ́pàá, jókòó sílé ẹ̀ kó máa to ẹ̀rí pọ̀ nítorí arúgbó tí ò mọ̀ rí.

Wíwá èèyàn fúnra ẹ̀ ti pẹ́ l'Ékòó o. Kí rédíò tó dé, akéde ló ń lu agogo káàkiri, ẹni tó bá sì rí ọmọ tó ń sunkún lọ́jà á bi í pé ọmọ ta ni ẹ́, agbo ilé wo lo ti wá, kí ni oríkì ẹ. Ilà ojú gan-an, yàtọ̀ sí ẹwà, òun ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀. Ogun ọ̀rúndún 19 tú ilẹ̀ Yorùbá ká, wọ́n sì gba etíkun Èkó kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Àjàyí Crowther wà lára wọn, ọdún 1821 ni ogun kó o ní Òṣoògùn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọkọ̀ yẹn, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. 1846 ló tó fojú kan ìyá ẹ̀ padà, l'Ábẹ́òkúta, ọdún 25 gbáko nìyẹn. Ìyá ló gbọ́ pé ọmọ òun wà nílùú, ló bá wá. Mo fẹ́ràn apá yẹn gan-an, torí ẹnu ló ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹnìkan sọ fún ẹnìkejì títí ọ̀rọ̀ fi kan etí ẹni tó ni ín. Àwọn Sàró tó ti Sierra Leone padà sí Èkó àtàwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, irú wíwá yẹn náà ni wọ́n ṣe, orúkọ ìlú àti orúkọ agbo ilé ni wọ́n fi ń tọpa ẹbí.

Ọdún 1935 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ rédíò alápòótí l'Ékòó, wọ́n á fa wáyà wọlé fún ẹ, wàá máa sanwó fún un. Àwọn bàbá wa pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa torí inú ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ìkéde ẹni tó sọnù tí a gbọ́ dàgbà, mo ṣì lè kà á lórí títí dòní: ó dúdú, kò ga kò kúrú, ó ní ilà pélé lẹ́rẹ̀kẹ́, Yorùbá nìkan ló gbọ́, ẹni tó bá rí i kó mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó bá sún mọ́ ọn jù. Ó parí. Ìyá alákàrà kan ní Ojúẹlẹ́gba lè ti rí ẹni yẹn tó kọjá níwájú ẹ̀ láàárọ̀, kó wá gbọ́ ìkéde lálẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ fún? Ó di kó pa ọjà tì, kó wọkọ̀ lọ sí ilé rédíò tàbí téṣàn, ẹ̀rù téṣàn sì ń ba tálákà. Kí fóònù GSM tó dé ní 2001, ọ̀pọ̀ ẹ̀rí ló kú sínú àwọn tó rí i báyẹn.

Amẹ́ríkà ni ẹnìkan ti fi íntánẹ́ẹ̀tì gba irú èsì yẹn tí gbogbo ayé fi gbọ́. Ní 1968, ọkùnrin kan rí òkú obìnrin kan tí wọ́n dì sínú tapólì ní Kentucky. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n sin ín, orúkọ tí wọ́n kọ sórí sàárè ẹ̀ ni "Tent Girl". Ọkùnrin tó rí òkú yẹn ní ọmọ obìnrin kan, Todd Matthews tó fẹ́ ọmọ yẹn, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ lásán ni ní Tennessee, gbọ́ ìtàn náà, ó sì wọ̀ ọ́ lára débi pé ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá orúkọ obìnrin yẹn. Ní 1998 ló rí ìkéde kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, obìnrin kan ń wá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ti sọnù láti bí ọgbọ̀n ọdún. Ó fi ọjọ́ orí wéra, ó fi ibi tó ti sọnù wéra, ó kàn sí wọn, wọ́n hú òkú náà, DNA sì sọ pé òun ni. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 1999, Doe Network bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn tí wọn ò gba kọ́bọ̀ ló ń fi orúkọ àwọn tó sọnù wé àwọn òkú tí ò lórúkọ. Ìgbà tó yá ìjọba Amẹ́ríkà fúnra wọn ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní NamUs, mẹ̀kúnnù náà lè wọ inú ẹ̀ kó wá èèyàn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ti pa àwọn kan lára o. Lóṣù kẹrin 2013 tí bọ́ǹbù dún ní Boston l'Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń tẹjú mọ́ fọ́tò, wọ́n ń wá ẹni tó ṣe é, wọ́n wá mú orúkọ ọmọ yunifásítì kan tó ti sọnù láti oṣù tó ṣáájú, wọ́n ní òun ni. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, wọ́n rí òkú ẹ̀ nínú odò lọ́jọ́ mélòó kan sígbà yẹn. Ẹ rò ó wò, ẹbí tí ò sùn torí ọmọ wọn, tí wọ́n ń bẹ aráyé kí wọ́n bá àwọn wá a, àwọn èèyàn ń pè wọ́n lórí fóònù wọ́n ń bú wọn. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rántí.

Ti àwọn arúgbó ní ìtàn tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 2004, obìnrin ẹni ọdún 68 kan tó ní àrùn Alzheimer jáde nílé ẹ̀ ní Atlanta, ọ̀pọ̀ oṣù ló kọjá kí wọ́n tó rí òkú ẹ̀, níbi tí ò jìnnà sílé ẹ̀ rárá. Ìpínlẹ̀ Georgia ṣe òfin ní 2006, wọ́n fi orúkọ obìnrin náà pè é, "Mattie's Call", kí ìkéde lè jáde kíákíá nígbà tí irú wọn bá sọnù. Àwọn ìpínlẹ̀ míì ń pe tiwọn ní Silver Alert. Ní Japan, lọ́dún 2023 nìkan, àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé tí wọ́n fẹjọ́ wọn sun ọlọ́pàá pé wọ́n sọnù lé ní 19,000. Tiwa l'Ékòó tún ní ewu tí ò sí lọ́dọ̀ wọn. Arúgbó tó ń rìn kiri ní ìdájí, tó dúró níwájú ilé onílé, tí ò lè sọ orúkọ ara ẹ̀, àwọn kan á ní àjẹ́ ni, á ní orí òrùlé ló já bọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Àìsàn ọpọlọ ni, dókítà Alzheimer ará Jámánì ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1906, ìyá ẹnìkan sì ni. Ìdí nìyẹn tí ọkàn wa fi ń lù kìkì ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ yẹn.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ yanjú lórí WhatsApp ni ọ̀rọ̀ aago. Ọmọ màmá ò parọ́, aago mẹ́fà àbọ̀ ló jí tó rí ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ìgbà tó mọ̀ ló kọ sórí pósíta, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n jáde. Aládùúgbò ò wo aago ṣùgbọ́n ó gbọ́ ladaní, ladaní kì í sì í pẹ́. Ó túmọ̀ sí pé màmá ti lo ju wákàtí kan lọ níta kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, àwa sì ń wá wọn yípo Ṣómólú àti Bàrígà bíi pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Lẹ́yìn náà ẹnìkan fi fọ́tò obìnrin kan tó sùn sílẹ̀ ní Oshòdì ránṣẹ́, ara gbogbo wa bù máṣọ, àwọn kan ti wọ mọ́tò. WhatsApp máa ń yọ ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò kúrò lára ẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ̀, àfi bí ọmọkùnrin kan ṣe sọ pé ẹ wo ẹ̀yìn obìnrin yẹn, ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní 2019 kò sí níbẹ̀, fọ́tò àtijọ́ ni. Ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti ń kọ ọ́ pé ọmọbìnrin tó ń tọ́jú màmá ló gbé wọn fún àwọn tó ń fèèyàn ṣoògùn owó, ọmọ yẹn ń sunkún ní yàrá, kò lè jáde. Ẹni tó kọ ọ́ ò tíì tọrọ àforíjì títí di òní, ìyẹn sì ń dùn mí.

Ìyá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló béèrè gèlè. Wọ́n ní màmá wé gèlè wọn, ó gún régé. Ó fi fọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́, ó ní ẹ̀yin ọmọ mi, obìnrin tó wé gèlè ní ìdájí, ó ní ibi tó ń lọ, ẹ bá mi bi àwọn ọmọ wọn, níbo ni wọ́n ti ṣe ọmọdé?

Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Ní 1955 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé níbẹ̀, wọ́n ní àdúgbò ti rún jù, ó ti dọ̀tí jù, LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe nígbà yẹn, ló ṣe é, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Súrùlérè. Ọ̀pọ̀ wọn ò fẹ́ lọ, ọjà wọn, oníbàárà wọn, ẹbí wọn, gbogbo ẹ̀ ló wà lórí erékùṣù. Màmá jẹ́ ọmọdébìnrin nígbà yẹn. Àrùn ìgbàgbé yìí, ti àná ló kọ́kọ́ ń kó lọ, ti àtijọ́ ló ń pẹ́ jù kó tó lọ, nítorí náà ilé tí màmá ń pè nílé lè máà jẹ́ ti Ṣómólú mọ́, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti wó ní bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn.

Àwọn ọmọkùnrin méjì kan tó ń tajà n'Ídúmọ̀tà ló jáde lọ wò, àwọn náà ò mọ̀ wá, inú WhatsApp ni wọ́n ti rí i. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n rí màmá níwájú ṣọ́ọ̀bù léèsì kan, gèlè ṣì gún, wọ́n ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ṣé ẹ mọ ilé bàbá wa. Onílé ìtajà yẹn ti fún wọn ní àga, ó ti fún wọn ní búrẹ́dì àti omi, ó kàn jẹ́ pé kò mọ ẹni tó fẹ́ sọ fún. Màmá ní danfó kan ló gbé àwọn lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé àwọn ṣàdúrà fún dẹ́rẹ́bà.

Títí di báyìí pósíta yẹn ṣì ń yí kiri, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ẹnìkan pè láti Ìbàdàn pé òun rí wọn. Ọmọ màmá ti rán nọ́ńbà fóònù mọ́ etí gbogbo bùbá wọn. Òun náà ló kọ ìbéèrè tí a lẹ̀ mọ́ òkè gúrúpù wa, pé tí wọ́n bá ti gbé fọ́tò arúgbó kan wá, kí a tó béèrè aṣọ tó wọ̀ rárá, ká kọ́kọ́ béèrè àdúgbò tó ti ṣe ọmọdé, ọjà tó ti tà, àti orúkọ tí ìyá ẹ̀ ń pè é.