Fífi kóòdù darí mẹ́nù dropdown

Mẹ́nù dropdown ni àpótí tóóró tó máa ń wà nínú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí orúkọ á tò wálẹ̀, onítọ̀hún á wá mú èyí tó kàn án. Ọmọ ilé-ìwé tó bá ti jókòó sí káfè ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti kọ fọ́ọ̀mù ti bá a pàdé: ìpínlẹ̀ wo lo ti wá, ìjọba ìbílẹ̀ wo, kọ́ọ̀sì wo lo fẹ́ kà. Tí wọ́n bá ní àwọn ń fi kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, darí ẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ojú-ìwé yẹn fúnra ẹ̀ lè mọ ohun tí wọ́n mú, ó lè bá èèyàn mú nǹkan, ó sì lè pààrọ̀ ohun tó wà nínú àpótí láì sẹ́ni tó tún ojú-ìwé ṣí.

Nínú HTML, èdè tí wọ́n fi ń to ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, select lorúkọ àpótí náà, option ni ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ẹ̀. Àwọn méjèèjì ti wà nínú HTML 2.0 tó jáde ní oṣù kọkànlá 1995, ọdún yẹn náà ni Brendan Eich kọ JavaScript nílé-iṣẹ́ Netscape, òun sì lèdè táwọn browser (ohun tí wọ́n fi ń ṣí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì) fi ń darí mẹ́nù yìí títí dòní.

Option kọ̀ọ̀kan ní nǹkan méjì lára. Èyí táwa ń fojú rí ni text, ìkejì ni value, òun ni fọ́ọ̀mù máa ń fi ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba fọ́ọ̀mù, tí wọn ò bá sì kọ value kankan, text yẹn náà ló máa lọ. Ibi táwọn tó ń ṣe fọ́ọ̀mù fún Nàìjíríà ti lè ṣìṣe gan-an nìyí o. Ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè wà nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìrẹsà-Adú ni olú-ìlú ẹ̀, Sùúrùlérè míì sì wà l'Ékòó, Ìfẹ́lódùn àti Ìrẹ́pọ̀dùn wà ní Kwara wọ́n tún wà l'Ọ́ṣun. Tó bá jẹ́ orúkọ nìkan ni value, ọmọ Ìrẹsà-Adú lè di ará Èkó nínú ìwé kó má mọ̀. Àmì ohùn náà ń dá tiẹ̀ sílẹ̀: ẹnì kan á tẹ Ọ̀yọ́ tàmì-tàmì, ẹlòmíì á tẹ Oyo lásán, lójú JavaScript ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kódà Ọ̀yọ́ méjì tójú ò lè dá mọ̀ lè má dọ́gba torí ọ̀nà tí wọ́n gbà so àmì mọ́ lẹ́tà nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, lè yàtọ̀, àfi tí wọ́n bá lo normalize, àṣẹ tó ń sọ wọ́n di irú kan náà. Ìdí tó fi dáa kí value jẹ́ kóòdù ṣókí nìyẹn, ìyẹn lẹ́tà ìdánimọ̀, bíi NG-OY tí ISO 3166-2, àkójọ kóòdù àgbáyé fún àwọn ìpínlẹ̀, fún Ọ̀yọ́ àti NG-LA tó fún Èkó, tó bá sì jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n so kóòdù ìpínlẹ̀ mọ́ orúkọ ẹ̀. Text ni kó gbé gbogbo àmì ohùn, ó sì yẹ kó gbé e dáadáa, torí òun lèèyàn ń kà.

Láti mú nǹkan nínú mẹ́nù, wọ́n lè kọ ipinle.value = "NG-OY" (ipinle ni orúkọ tí wọ́n fún mẹ́nù náà nínú kóòdù), wọ́n sì lè lo selectedIndex, nọ́ńbà ipò ohun tí wọ́n mú, tó ń ka láti 0. Value ló fọkàn balẹ̀ jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi "Mú ìpínlẹ̀ rẹ" sókè pátápátá, gbogbo nọ́ńbà á sún ní ẹyọ kan, kóòdù tó ti ń mú Ọ̀yọ́ látẹ̀yìnwá á wá máa mú Ọ̀ṣun tó ṣáájú ẹ̀. Tí value tí wọ́n kọ ò bá sí nínú mẹ́nù, browser ò ní pariwo, àpótí á kàn ṣófo, selectedIndex á di -1.

Ohun tó máa ń gba àkókò lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ jù rèé: téèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ mú nǹkan, browser á kéde ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní change, kóòdù tó ń retí ẹ̀ á gbọ́, á sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kóòdù ló mú un, kò sí ìkéde kankan. Wọ́n á rí Ọ̀yọ́ gbangba nínú àpótí, ìjọba ìbílẹ̀ ò sì ní yọ. Wọ́n lè fi dispatchEvent kéde change fúnra wọn, àmọ́ ó sàn kí wọ́n pe fọ́ńṣọ̀n, ìyẹn apá kóòdù, tó ń kó ìjọba ìbílẹ̀ jáde tààrà, ẹni tó bá kóòdù yẹn lẹ́yìn ọ̀la á tètè yé e.

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, kò ṣeé tò sínú mẹ́nù kan lórí fóònù, ni wọ́n ṣe ń so mẹ́nù méjì pọ̀, tí wọ́n bá mú Ọ̀yọ́, 33 tirẹ̀ nìkan á jáde. Kóòdù á kọ́kọ́ fi options.length = 0 kó ti tẹ́lẹ̀ kúrò, á wá máa fi new Option ṣe tuntun, á sì fi add kì í bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìsàlẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, torí tó bá tòkè yọ, àwọn tó kù á máa sún gòkè, á sì máa fo òmíràn. Tó bá kọ remove, àṣẹ tí wọ́n fi ń yọ nǹkan, láì fún un ní nọ́ńbà, mẹ́nù náà lódindi ló máa lọ.

Tó bá jẹ́ látọ̀dọ̀ sáfà ni orúkọ ti ń bọ̀, tí nẹ́tíwọ̀kì ò sì dáa, ẹni tó mú Ọ̀yọ́ tó yára yí i sí Kwara lè rí i pé ti Kwara ló kọ́kọ́ dé, ti Ọ̀yọ́ wá pẹ́ kó tó dé, ó sì bo ti Kwara mọ́lẹ̀. Kí kóòdù tó kó orúkọ sínú àpótí, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ìpínlẹ̀ tó béèrè fún ṣì ni wọ́n mú.

Mẹ́nù tí wọ́n bá fi disabled tì, fọ́ọ̀mù ò ní fi ohun tó wà nínú ẹ̀ ránṣẹ́ rárá. Sáfà náà gbọ́dọ̀ tún gbogbo ẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí ẹnikẹ́ni lè yí value padà nínú browser tiẹ̀. Kò sì dáa kí change máa gbé èèyàn lọ sójú-ìwé míì lójijì, torí ẹni tí ò ríran tàbí tó ń lo kíbọ́ọ̀dù, ọfà ló fi ń kọjá lórí orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè máa lọ sí Ọ̀yọ́ kí ojú-ìwé ti gbé e lọ nígbà tó dé orí Ògùn, bọ́tìnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́nù tó máa fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ló yẹ ẹ́.