Ìdí Tí Ẹ̀rọ Ìdánimọ̀ Fi Ń Dá Ìwé Tó Jẹ́ Ojúlówó Padà

Ẹ̀rọ tó ń yẹ ìdánimọ̀ wò lórí fóònù kò mọ èèyàn. Àwòrán àti lẹ́tà ló ń fi wéra, ìdí nìyẹn tó fi lè dá ẹni tó ni ìwé padà láìṣẹ̀ láìrò. Kí ẹ tó tún gbìyànjú, ẹ wádìí ibi tó ti kọsẹ̀.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé fọ́tò nínú pásípọ́ọ̀tù. Ìlà méjì wà níbẹ̀, àyè 44 fún lẹ́tà, nọ́ńbà tàbí àmì ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ni wọ́n sì kọ ọ́ fún. Ní ìlà kejì, nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ tí ìwé máa parí ní nọ́ńbà ìṣàyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn, ìyẹn nọ́ńbà kan tí ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá òun kà á bó ṣe yẹ. Bí àpẹẹrẹ, ọjọ́ ìbí tó jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1990 á di 900215. Wọ́n á fi 7, 3, 1, 7, 3, 1 sọ wọ́n di ìlọ́po níkọ̀ọ̀kan: 63, 0, 0, 14, 3, 5. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 85, nítorí náà 5 tó gbẹ̀yìn ni nọ́ńbà ìṣàyẹ̀wò. Lẹ́tà náà ní iye: A jẹ́ 10, O jẹ́ 24, Z jẹ́ 35. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń dán lórí ike, tí ẹ̀rọ ka 3 sí 8 tàbí O sí òdo, ìṣírò ò ní bára mu mọ́, ẹ̀rọ á sì kọ̀ ọ́. Ẹ pa fìláàṣì, ẹ súnmọ́ fèrèsé, ẹ tẹ́ ìwé sórí nǹkan tó dúdú, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì hàn.

Ìlà orúkọ ló léwu jù, torí kò ní nọ́ńbà ìṣàyẹ̀wò kankan. Bí ẹ̀rọ bá ṣì í kà, kò sí ohun tó máa ta á lólobó. Àyè 39 péré ni orúkọ ní, wọ́n á gé èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì ohùn kì í sì í wọ ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka orúkọ tí ẹ̀rọ bá yín kọ sínú fọ́ọ̀mù dáadáa kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Ní ti ojú, ẹ̀rọ á sọ ojú inú káàdì àti ojú tó wà níwájú kámẹ́rà di nọ́ńbà, á wá wo bí wọ́n ṣe jọra tó. Iléeṣẹ́ ló ń pinnu ìwọ̀n tó tó. Bí wọ́n bá gbé e sókè, àwọn ayédèrú á dín kù, ṣùgbọ́n àwọn olóòótọ́ tí wọ́n ń dá padà á pọ̀ sí i. Torí pé fọ́tò ṣeé gbé síwájú kámẹ́rà ni wọ́n ṣe ń ní kéèyàn yí orí tàbí kó ṣẹ́jú. Ẹ nu ojú kámẹ́rà, ẹ má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn yín, ẹ sì rọra yí orí.

Nígbà míì, wọ́n á tún ní kéèyàn tẹ kóòdù ìdánimọ̀. Èyí tí áàpù ń ṣe fúnra rẹ̀ sábà máa ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, aago fóònù ló sì fi ń ṣe é. Bí aago bá ti yẹ̀, kóòdù á kùnà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa tún aago rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Kóòdù tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ yàtọ̀: bí ẹ bá béèrè òmíràn, ti àkọ́kọ́ sábà máa ń kú, nítorí náà èyí tó dé kẹ́yìn ni kí ẹ lò.

Ìwà àìdáa gbáà ni kí iléeṣẹ́ kàn kọ “a kò lè fìdí rẹ múlẹ̀” láìsọ ìdí. Ẹ ní kí èèyàn bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì kọ irú ìwé tí ẹ lò, ọjọ́, aago àti ohun tí ẹ̀rọ sọ gan-an ránṣẹ́ sí wọn.