Fílítà CPL àti Dídán Ojú Omi

Fílítà CPL (circular polarizer) ni gíláàsì róbótó tí àwọn ayafọ́tò máa ń yí mọ́ ẹnu lẹ́ńsì láti fi dín dídán ojú omi kù, tí a sì tún lè máa fọwọ́ yí bíríbírí lẹ́yìn tó bá ti jókòó. Àwọn ayafọ́tò Àkúrẹ́ tó jẹ́ pé ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni wọ́n ń yà jù lè má nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba Oǹdó àti Òkìtìpupa sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìgbókòdá, kó lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ya etí òkun Ìlàjẹ, kò gbọ́dọ̀ gbàgbé rẹ̀ sílé.

Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń bọ̀, ó ń gbọ̀n lóòró, ní ìbú àti ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá kan ojú omi tàbí ẹrẹ̀ tútù, apá kan wọlé, apá kan ta padà, èyí tó ta padà yìí ló ń kọ mànà lójú wa, ìbú nìkan ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbọ̀n sí. Étienne-Louis Malus ará Faransé ló ṣàkíyèsí èyí ní 1808. Fílítà CPL ń ṣe bí irin fèrèsé tí a tò lóòró: pákó pẹlẹbẹ tí a bá gbé ní ìbú kò lè gba àárín wọn kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n sí ìbú yìí rí.

Ibi tí a dúró sí ṣe pàtàkì púpọ̀. Fílítà yìí máa ń ṣiṣẹ́ jù lọ nígbà tí igun tó wà láàárín ojú omi àti ibi tí lẹ́ńsì kọjú sí bá tó nǹkan bíi dígíríì 37, ìyẹn ni pé bí kámẹ́rà bá fi mítà kan àtààbọ̀ ga ju omi lọ, ibi tó fi nǹkan bíi mítà méjì jìnnà síwájú ni kí a yà. Ẹni tó bá da lẹ́ńsì dé omi gbọnrangandan kò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Fílítà CPL kì í sọ omi ẹlẹ́rẹ̀ di omi tó mọ́ gaara o. Ẹrẹ̀ ló pọ̀ ní etíkun Máhìn àti Ayétòrò, nítorí náà, lórí ẹrẹ̀ ọ̀hún gan-an ni èrè rẹ̀ wà. Bí akàn bá yọ sẹ́nu ihò rẹ̀, funfun ojú ọ̀run ló máa ń bo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú fọ́tò. Bí a bá rọra yí fílítà náà, funfun yẹn á máa dínkù, àwọ̀ karawun á jáde, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹrẹ̀ á sì hàn. Èmi kì í jẹ́ kí dídán náà tán pátápátá, nítorí ẹrẹ̀ tí kò dán rárá máa ń dà bí èyí tó ti gbẹ. Kọ̀ǹpútà kò sì lè ṣe iṣẹ́ yìí fún wa lẹ́yìn náà, nítorí ohun tí dídán ti bò mọ́lẹ̀ kò wọnú fọ́tò rárá.

Fílítà náà máa ń gba tó ìlàjì ìmọ́lẹ̀ mọ́ kámẹ́rà lọ́wọ́, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kí a yọ ọ́ tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Kì í sì fi bẹ́ẹ̀ mú dídán kúrò lára páànù tuntun, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lára irin kì í tò sí ìhà kan bíi ti omi.

Ayédèrú rẹ̀ wà. Kí a tó sanwó, kí a kọ iwájú fílítà náà sí ojú kalikulétọ̀, kí a wò ó láti ẹ̀yìn, kí a sì máa yí i; bí ojú kalikulétọ̀ náà kò bá ṣókùnkùn níbì kankan, gíláàsì lásán ni wọ́n fẹ́ tà fún wa.